Irun Tó Ń Wọ Ara Padà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Fi Réésà Onírin Fá Irùngbọ̀n

Àwọn ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi réésà oníke sílẹ̀ bọ́ sórí ti onírin. A tò ó láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Kí ni irun tó ń wọ ara?

Irun tó yẹ kó máa hù lọ síta ni, àmọ́ tó ṣẹ́rí padà sínú awọ. Ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣe é. Nígbà mìíràn, irun á ti jáde tán, á wá tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ẹnu rẹ̀ tí abẹ ti gé ṣóńṣó á sì gún awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, abẹ á ti gé irun wọlé jù débi pé orí rẹ̀ rì sábẹ́ awọ. Irú ìyẹn kì í tilẹ̀ jáde kó tó gún ẹ̀gbẹ́ ihò tó ń gbé.

Ara kò mọ̀ pé irun òun ni. Àjèjì ló kà á sí, ó sì gbógun tì í. Ibẹ̀ ni ìwúlé, ìyún àti kókó tó ń yọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ti wá. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló fà á, kì í sì í ṣe àrùn tí èèyàn ń kó ran ẹlòmíràn. Kòkòrò lè ráyè wọ ibẹ̀ kó sì di ọyún, ṣùgbọ́n irun ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń yọ àwa lẹ́nu ju àwọn òyìnbó lọ?

Irun wa ń lọ́ láti ìsàlẹ̀ wá. Ihò tó ti ń hù pàápàá tẹ̀, nítorí náà bó ṣe ń yọrí ló ti ń wá ibi tí yóò yí sí. Òyìnbó tí irun rẹ̀ lọ́ máa ń ní in. Adúláwọ̀ tí irun rẹ̀ nà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá méjì fi lè máa lo abẹ kan náà àti ọṣẹ kan náà, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n máa dán, kí ti àbúrò máa wú.

Ó wọ́pọ̀ débi pé nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, dókítà lè kọ ìwé onígbà díẹ̀ fún ọmọ ogun tó bá ní in pé kó má fá irùngbọ̀n rẹ̀ dé ojú awọ.

Kí ni réésà onírin fi sàn ju ti oníke lọ?

Réésà onírin ní abẹ pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, olójú méjì, tí irin bò mọ́lẹ̀ tó fi jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ló yọ. Ọdún 1904 ni King Camp Gillette gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà náà. Abẹ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa ń béèrè gẹ́gẹ́ bíi lámù, kò ṣòroó rí lọ́jà Ouando tàbí ní Ìgòlò.

Réésà alábẹ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbòde ní 1971. Lónìí wọ́n ti di alábẹ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé abẹ iwájú á fa irun sókè díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á sì gé e kó tó sún padà. Bó bá wá sún padà, ó ti rì sábẹ́ awọ. Ẹni tí irun rẹ̀ nà ń sanwó fún dídán yẹn tayọ̀tayọ̀. Àwa là ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbà á. Abẹ kan ṣoṣo, bí a bá lò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ojú awọ ló ń gé irun dé.

Àmọ́ o, réésà onírin kì í ṣe oògùn. Ẹni tó bá ń fi í ha ara bí ẹní ń ṣe ìjà yóò kan àbùkù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ mú èyí tí irin ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ dí gbọn-in, tí kò ní eyín, tí abẹ rẹ̀ kò sì yọ síta púpọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí irun mi kọjú sí?

Ẹ jẹ́ kó hù fún ọjọ́ méjì. Ẹ wá fi ìka pa á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, láti ọ̀tún sí òsì. Ibi tó bá ti ń dán lábẹ́ ìka ni irun ń lọ. Ibi tó bá ti ń ta yín lọ́wọ́, ẹ ti ń lòdì sí i nìyẹn.

Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sábà máa ń wá sí ìsàlẹ̀, kò ní wàhálà. Abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn ni ẹjọ́ wà. Níbẹ̀, irun lè máa gòkè, kó máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó máa yí po lójú kan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì lè má bá ti òsì mu. Ẹni tó bá ń fá ọrùn láti òkè wá sílẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe ń fá a lè ti máa fá a lódì láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ẹ fara balẹ̀ níwájú dígí, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ni kí n ṣe kí abẹ tó kan ara?

Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó fá. Irun gbígbẹ le; èyí tó ti mu omi máa ń rọ̀, abẹ kì í sì í fà á kó tó gé e. Bí kò bá sí àyè àti wẹ̀, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo ibẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 sí 5.

Lẹ́yìn náà, ọṣẹ tàbí ìpara ìfárungbọ̀n, kó hó dáadáa, kó sì wà lójú fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó gbé réésà. Búrọ́ọ̀ṣì ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ lọ nítorí pé ó ń gbé irun dìde. Ní ti ọṣẹ dúdú, mo mọ̀ pé kò sí ilé tí kò sí, ṣùgbọ́n eérú inú rẹ̀ le fún awọ tí abẹ fẹ́ gorí. Ẹ fi í wẹ̀, ẹ má fi í fárùngbọ̀n.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ lè fi kànrìnkàn tó rọ̀ tàbí aṣọ tútù yí po lórí irùngbọ̀n fún ìṣẹ́jú kan, kó tú àwọn irun tó fẹ́ máa tẹrí wọlé. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni o. Ibi tó bá ti wú tàbí tó ti ní ọyún, ẹ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà wo gan-an ni kí n gbà fá a?

Ẹ gbé orí réésà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí èèkù rẹ̀ nà síta gbọnrangandan, kí ẹ wá máa rẹ èèkù náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí abẹ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú irun. Ẹ dúró níbẹ̀. Nǹkan bíi dígírì 30 ni igun tí abẹ fi kan awọ lójú yẹn. Ẹ fá a ní kúkúrú kúkúrú, ẹ sì máa ṣan orí réésà lómi lemọ́lemọ́.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo irin náà tó gé irun, òun sì ni ẹni tó ti lo oníke pẹ́ máa ń gbàgbé. Oníke fúyẹ́, ó ń béèrè agbára. Onírin kò béèrè.

Ẹ má fa awọ le. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ fídíò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń kọ́ni pé kí a fà á. Àwọn tó ń ṣe fídíò yẹn, irun wọn nà. Bí ẹ bá fa awọ, irun á yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó gé e, ẹ ó sì jọ̀wọ́ awọ; orí irun ti rì nìyẹn.

Ẹ tẹ̀ lé ibi tí irun kọjú sí. Ẹ̀ẹ̀kan tó. Bó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ tún ọṣẹ pa, kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀nà kan náà. Ẹ má lódì sí irun rárá lọ́rùn. Bí ẹ bá parí tí ẹ fọwọ́ pa á lódì, ó yẹ kó ṣì máa ta yín lọ́wọ́ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ kó rí. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ìwé yìí, èyí ló ṣòro jù fún àwọn èèyàn láti gbà: pé fífá tó dára fún irun wa kì í dán tán.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n lo abẹ kan?

Ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Irùngbọ̀n tó le lè má jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Abẹ tó bá ti ń fa irun dípò kó gé e, ẹ jù ú nù lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó wọ́n nínú rẹ̀. Etí ọ̀sà là ń gbé, afẹ́fẹ́ wa kún fún omi. Abẹ tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú réésà tútù á dípẹtà kíá. Ẹ gbọ̀n ọ́n gbẹ, ẹ má sì fi aṣọ nu etí rẹ̀.

Agolo tómátì tí ẹ ti lu ojú rẹ̀ ní ihò tóóró dára láti máa kó abẹ àlòkù sí. Ẹni tó ń kó ilẹ̀ yín ní ọwọ́ bíi tiyín.

Ṣé mo lè fi sódábì (ọtí líle tí a fi ẹmu ṣe) tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ pa ibẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá fá a tán?

Rárá. Sódábì á ta yín, á gbẹ awọ, kò sì ní yọ irun kankan níbi tó wọ̀ sí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń mu ún. Ọsàn wẹ́wẹ́ burú jù ú lọ: omi rẹ̀ lára, tí oòrùn bá wá pa á, lè jó awọ, kó sì fi àmì dúdú sílẹ̀ tí kì í tètè lọ.

Omi tútù ni kí ẹ fi ṣan án, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ omi rẹ̀ gbẹ láìfi nù ún. Álọ́ọ̀mù lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú ibi tí abẹ ti gé yín, àmọ́ ẹ ṣan án kúrò, ẹ má jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀.

Òrí ńkọ́? Àdí ńkọ́?

Òrí dára, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí awọ máa ń sán. Díẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ fi pa awọ tó ṣì tutù díẹ̀. Bí ìrorẹ́ bá ti ń yọ yín lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ìpara fífẹ́lẹ́ tí kò ní lọ́fínńdà ló yẹ yín ju òróró èyíkéyìí lọ, nínú ooru Àjàṣẹ́ yìí.

Èyí tó ń dènà irun tó ń wọlé ní tòótọ́ ni ìpara tó ń bó òkú awọ díẹ̀díẹ̀. Ní fámásì, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá wọ́n kọ acide salicylique sí i, láàárín ìdá 0.5 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí acide glycolique. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní alẹ́, kì í ṣe lójú ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Bó bá ń ta yín gidi, ẹ dá a dúró.

Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni kí n máa fá a?

Ẹnu kò kò lórí èyí. Àwọn kan ń fá lójoojúmọ́ kí irun má bàa gùn tó èyí tí yóò tẹ̀. Àwọn kan ń fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sáàárín. Ẹ dán méjèèjì wò, ẹ sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé a kì í fi abẹ gorí kókó tó ń wú lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun zémìjáànù, ìyẹn ọ̀kadà, alẹ́ ni kí ẹ máa fá a. Okùn akoto tó ń ha abẹ́ àgbọ̀n látàárọ̀, pẹ̀lú òógùn àti eruku ọ̀nà, kò ṣeé pàdé pẹ̀lú awọ tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Kí ẹ sì máa fọ okùn náà.

Onígbàjámọ̀ ló ń fá mi. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ sọ pé kó tú abẹ tuntun lójú yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, onígbàjámọ̀ tó mọṣẹ́ kì í bínú sí i. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní B lè wà láàyè lórí nǹkan gbígbẹ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí sì tó gbé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ pé kó má fá a lódì, kó má sì fa ọrùn yín. Bó bá ní ẹ̀rọ oníná, ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀rọ náà gé e kù sí nǹkan bíi mìlímítà 1. Ó lè sọ pé kò ní wuyì tó. Ọrùn tiyín ni.

Irun ti wọlé ná. Ṣé kí n fi abẹ́rẹ́ tú u?

Bí ẹ bá ń rí irun náà tó tẹ̀ lókè awọ, tí orí rẹ̀ nìkan ló rì, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọ ibẹ̀, ẹ fi ọtí ilé ìwòsàn nu abẹ́rẹ́, kí ẹ ki í sábẹ́ ibi tó tẹ̀ náà, kí ẹ sì gbé e sókè. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fà á tu, nítorí pé èyí tó máa hù rọ́pò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tún lè má rí ọ̀nà jáde.

Bí ẹ kò bá rí irun, ẹ má wá a. Wíwalẹ̀ sínú kókó ló ń fi àpá sílẹ̀ ju irun náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ó ti kún gbogbo ọrùn mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ dáwọ́ fífá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè burú sí i, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Bí irun bá ti ń gùn, yóò máa fa ara rẹ̀ yọ. Nígbà tó bá fi tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á ti tú. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, tí ẹ sì ti ń ro irùngbọ̀n dídá sí tẹ́lẹ̀, àsìkò tó dára láti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Bí iṣẹ́ yín kò bá gbà á, bíi ọlọ́pàá, aṣọ́bodè tàbí ẹ̀ṣọ́ báńkì, ẹ lọ bá dókítà kó kọ ìwé fún yín, kí ẹ sì máa fi ẹ̀rọ oníná gé e mọ́lẹ̀. Bí ara bá balẹ̀, ẹ padà sídìí réésà onírin.

Ìpara kan wà lọ́jà tó ń pa gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ méjì. Ṣé kí n rà á?

Ẹ ka ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí clobétasol tàbí bétaméthasone, oògùn líle ni, kì í ṣe ìpara ẹwà. Lóòótọ́ ló ń mú ìwúlé rọlẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọjà rẹ̀ fi ń tà. Àmọ́ bí a bá ń lò ó lọ lójú, ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń yọ ìrorẹ́ tirẹ̀, tí ẹ bá sì dá a dúró, ohun gbogbo á padà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà lè fúnni ní irú rẹ̀ tó rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí a máa fi í para bí òrí.

Ojú ibẹ̀ ti dúdú. Ṣé yóò lọ?

Yóò lọ, bí kókó tuntun kò bá yọ mọ́. Oṣù ni kí ẹ fi kà á, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Oòrùn ń mú un dúdú sí i. Ìpara ìbóra kò ní tán ọ̀rọ̀ náà nígbà tí irun ṣì ń gún ara lábẹ́ rẹ̀.

Ṣé ọ̀nà kan náà ni fún abíyá àti irun abẹ́?

Ọ̀nà kan náà ni, fún ọkùnrin àti obìnrin: omi, ọṣẹ, abẹ kan, ọwọ́ fífúyẹ́, kí a tẹ̀ lé ibi tí irun kọjú sí. Irun abíyá kò kọjú sí ọ̀nà kan, ẹ wò ó dáadáa. Aṣọ tó fún mọ́ni lọ́jọ́ tí a fá a ń dá kókó sílẹ̀ bíi ti okùn akoto.

Ọ̀pọ̀ ń fá a lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta nítorí ẹ̀sìn. Ọjọ́ 40 ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní kó má ṣe kọjá. Àyè wà níbẹ̀ fún awọ láti sinmi.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe làpálàpá?

Làpálàpá máa ń ya òbìrìkítí, ó ń hó, irun inú rẹ̀ sì máa ń jáde wẹ́rẹ́ bí a bá fà á. Kò dúró de abẹ kó tó tàn. Kókó irun ń yọ níbi tí a ti fá nìkan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń dá dúró. Bí ó bá jẹ́ làpálàpá, ìpara tó ń mú ìwúlé rọlẹ̀ tí mo sọ lókè yẹn á jẹ́ kó gbilẹ̀ ni.

Ẹ̀yìn ọrùn mi ní ìpàkọ́ ní kókó líle tí kì í lọ. Ṣé òun náà ni?

Ó jọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Fífá ìpàkọ́ kodoro lemọ́lemọ́ máa ń ru ú sókè, kókó náà sì lè so pọ̀ di àpá gíga tí irun kò ní hù lórí rẹ̀ mọ́. Èyí kì í ṣe ẹjọ́ réésà àti ọṣẹ. Ẹ má jẹ́ kí abẹ kan ibẹ̀ mọ́, kí ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Kútọnu, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àrùn awọ.

Bákan náà ni fún ẹni tí àpá máa ń ga lára rẹ̀, tàbí tí ìwúlé rẹ̀ ń tàn pẹ̀lú ibà.

Ṣé iná lésà lè mú un kúrò pátápátá?

Ó lè dín irun kù débi pé kókó á dáwọ́ dúró, nítorí ó ń jó gbòǹgbò irun. Irú ẹ̀rọ rẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Fún awọ dúdú, Nd:YAG tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 1064 ni àwọn dókítà awọ fọkàn tán jù, torí ó ń kọjá àwọ̀ ara lọ bá gbòǹgbò. Àwọn tí ìgbì wọn kúrú lè jó awọ dúdú. Ẹ̀ẹ̀kan kì í tó, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Bí ẹni tó fẹ́ ṣe é fún yín kò bá lè sọ orúkọ ẹ̀rọ tó ń lò, ẹ dìde níbẹ̀.